Nígbà Tí Ọsàn Di Èèwọ̀ fún Bàbá

Oyigbo, lẹ́bàá Port Harcourt,
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì, ọdún 2000.

Motọ́lání ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí òtútù tí ẹ ń bá jà ní Leeds, mo sì kí ọwọ́ rẹ tó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà rẹ tó kọjá dé ọwọ́ mi. Ó kúrú bíi tẹligíráàmù. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gba owó tẹligíráàmù, ìdí nìyẹn tí a fi ń gé e kúrú. Ìwọ, ta ló ń gba owó ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ? Nígbà mìíràn, jókòó, kí o bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀.

Ilé wà dáadáa. Ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ mànàmáná ńlá tí ń bẹ lẹ́yìn ìlú wa ṣì ń hó tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n àwa tí à ń gbọ́ ariwo rẹ̀, àbẹ́là la fi ń jẹun. Tamunotonye ní kí n kí ọ, olùkọ́ ọmọ Okrika tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi. "Papa Railway" ló ṣì ń pè mí. Alhaji Misbaudeen náà kí ọ, ọ̀rẹ́ mi ará Ìkìrun tó ń ta táyà àlòkù létí títì. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ la ń ta ayò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èrú tó ń jẹ kò dínkù.

O bi mí pé ṣé ara le. Ara le, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ purọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé ni ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ti ń kúrò lára mi. Alhaji ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ohun dídùn ló ń fà á. Mo bá pa ohun dídùn tì. N kò jẹ ọsàn mọ́, n kò jẹ ìbẹ́pẹ, n kò fẹnu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n. Àní oyin tí mo máa ń lá, mo ti gbé e fún àwọn ọmọ ilé. Ẹ̀bà ni mo ń jẹ láàárọ̀, ẹ̀bà ni mo ń jẹ lálẹ́. Alhaji fúnra rẹ̀ ló ń bá mi gbé àgbo kíkorò kan wá, tí wọ́n fi ọtí líle rẹ. Bó bá ti gbé e dé, á kọjú sí ògiri, á ní òun kò rí ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́.

Má dààmú. Bí àgbà bá ń gbó, ara a máa fọhùn. Mo kàn ní kí n má fi í pamọ́ fún ọ ni.

Èmi ni bàbá rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
J. A. Adékọ̀yà.


Leeds,
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, ọdún 2000.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín nínú ìwé yìí. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ náà.

Ẹ má bínú sí lẹ́tà kúkúrú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà, bí mo bá sì ti mú bírò, ọkàn mi á máa sá káàkiri bí adìẹ tó ṣìlé wọ̀. Màá kọ ọ̀rọ̀ kan, màá tún rò ó pé ṣé bó ṣe yẹ kí n sọ ọ́ nìyí, màá fà á ya. Èmi tí mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Ẹ ò rí i pé ìtìjú ni.

Iṣẹ́ ń lọ. Ní ilé àwọn arúgbó tí mo wà yìí, èmi ni mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń ya irun wọn. Màmá kan ò lè pe Motọ́lání, ó sọ mí ní Margaret. Mo ń jẹ́ ẹ. Ta ni mo fẹ́ bá jà?

Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ẹ sọ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe nǹkan eré. Mo fi oògùn ẹ̀jẹ̀ rán arákùnrin Ayọ̀fẹ́mi sí yín, ará ìjọ wa tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo ní Port Harcourt. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Irin ló wà nínú rẹ̀, ó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó o.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Ẹ jẹ́ n fi í sílẹ̀ ná. Á dáa.

Ọmọ yín tí ọ̀nà jìn sí,
Motọ́lání.


Oyigbo,
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Karùn-ún, ọdún 2000.

Motọ́lání ọmọ mi,

Ayọ̀fẹ́mi dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó gbé oògùn fún mi. Ọmọ dáadáa ni. O ṣeun, ọwọ́ rẹ kò ní í ro. Mo lò ó bí o ṣe wí. Nígbà tí mo rí i pé ó dára, mo fi ti ọ̀sán kún un. Mo ní ohun tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun kò lè pa mí. Mo fi páálí rẹ̀ han Alhaji, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ojú ń kán an.

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí kò yẹ lẹ́nu bàbá sí ọmọbìnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ tí ǹ bá sọ ọ́ fún kò sí mọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń lo oògùn náà, ohun tí mo ń yà dúdú bí ọ̀dà, ó sì le bí èkùrọ́. Onílé wa ti wó ṣálángá àtijọ́, ó ti gbé ti òyìnbó sí i, èyí tí ènìyàn ń jókòó sí lókè bí ọba. Orí ìtẹ́ yẹn ni mo ń wà títí gbogbo ilé yóò fi tò síta pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Tamunotonye kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Papa Railway, train never reach station?" Mo dá a lóhùn láti inú pé, "Signal never drop." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n omijé wà lójú mi, nítorí ó ń ya mí lára.

Ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Pupa fòò ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, bí mo ti ń ka ẹ̀kọ́ kejì lójú pẹpẹ, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú mi. Akọrin bá gbé orin, wọ́n fi bò mí láṣìírí. Mo ṣèbí nítorí pé n kò mu omi ni. O mọ̀ pé iwájú ni wọ́n gbé àga mi sí gẹ́gẹ́ bíi bàbá ìjọ, kò sì yẹ kí bàbá ìjọ máa dìde lọ tọ̀ nígbà tí ìwàásù ń lọ lọ́wọ́. Láti ọ̀sán Àbámẹ́ta ni mo ti máa ń pa omi tì.

Ayọ̀fẹ́mi ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ní rárá. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti kú, kò sí ẹni tó rí ìhòòhò mi. Bí mo bá ń lọ, ẹ jẹ́ kí n lọ pẹ̀lú ṣòkòtò mi. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni kí ẹ tẹ́ mi sí. N kò sọ pé ó ti yá o. Mo kàn ń sọ ọ́ kí ó wà létí rẹ.

Bàbá rẹ,
J. A. Adékọ̀yà.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà, ọdún 2000.

Bàbá mi,

Ẹ kú àmódi o. Mo ka lẹ́tà yín tán, mi ò lè jókòó. Mo fọ àwo tó ti mọ́, mo tún un fọ̀. Mo bọ́ síta, mo rìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń yà, mo padà. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́, bóyá ara á tù mí.

Bàbá, iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí, ìdajì rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan là ń bi àwọn arúgbó pé ṣé wọ́n ti yà, ṣé ó le, ṣé ó rọ̀, ṣé wọ́n rí ẹ̀jẹ̀. Mo ń bi bàbá ẹni ẹlẹ́ni láì ṣẹ́jú. Ìgbà tí ẹ̀yin kọ̀wé pé jẹ̀díjẹ̀dí, mo mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti ń jáde. Nǹkan tí mo fẹ́ bi yín lóṣù Kẹta nìyẹn, pé ṣé ó le. Ojú tì mí. Mo ní ṣé èmi Motọ́lání ni màá máa bi bàbá mi léèrè ìgbẹ́? Mo bá sá sẹ́yìn oògùn.

Oògùn yẹn gan-an, Bàbá, ó ń mú ìgbẹ́ le. Ó ń mú un dúdú. Mo mọ̀. Níbí, a kì í fún arúgbó láì fi oògùn tó ń mú inú rọ̀ tì í. Mo mọ̀ ọ́n fún wọn, mi ò rántí rẹ̀ fún yín. Mo rò pé àwọn àgbà tiwa tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti iṣu kì í ní irú ẹ̀ ni. Mi ò mọ irú ọmọ tí mo jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá oògùn náà dúró títí dókítà á fi wò yín. Bí ẹ bá dá a dúró, tó ṣì dúdú tó ń dán bí ọ̀dà lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà o, ẹ má dúró de lẹ́tà mi. Ẹ da àgbo ọlọ́tí yẹn nù. Ẹ máa mu omi, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú, lọ́jọ́ Ìsinmi pẹ̀lú. Ọlọ́run ò ní bínú sí ẹni tó dìde lọ tọ̀. Ọsàn tí ẹ pa tì yẹn, ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìyàngbò rẹ̀, ẹ má kàn máa fa omi rẹ̀ mu. Ẹ jẹ ìbẹ́pẹ, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju ẹ̀bà lọ. Bí ara bá ní ẹ lọ, ẹ lọ, ẹ má dá a dúró. Bí ẹ bá jókòó lórí ìtẹ́ òyìnbó yẹn, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré kí orúnkún ga, bí ẹni lóṣòó sí ṣálángá. Ẹ má fi agbára tì í. Bí kò bá wá, ẹ dìde.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kan ni. Ẹ gbọ́ èyí. Bàbá kan wà níbí tó jẹ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀. Ó ń rí ẹ̀jẹ̀, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí tiwọn lásán ni, ó fi pamọ́. Ìgbà tí wọ́n máa wò ó, kókó burúkú ni, ó sì ti pẹ́. Màmá tó ń pè mí ní Margaret náà rí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wò ó, ìgbẹ́ líle ló ya á. Ó ti ń mu omi báyìí, ó ń jẹ èso, ó ń bú mi láràárọ̀. Bàbá, lójú lásán, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì jọra. Mi ò lè dá a mọ̀ láti Leeds, Alhaji ò lè dá a mọ̀ lórí ọpọ́n ayò, ẹ̀yin náà ò lè dá a mọ̀. Àfi ẹni tó bá wò ó.

Ẹ ní ẹ fẹ́ lọ pẹ̀lú ṣòkòtò yín. Àwọn tí mo ń tọ́jú níbí, mo ń bọ́ ṣòkòtò wọn lójoojúmọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tìtorí ẹ̀ kéré sí i lójú mi. Ìwé àṣẹ mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, bí mo bá jáde nílùú yìí báyìí, mi ò ní lè wọlé mọ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ǹ bá wá fúnra mi, ǹ bá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn dókítà. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìdí yín.

Mo ti kọ ọ́. Mi ò ní fa èyí ya.

Motọ́lání yín.


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹjọ, ọdún 2000.

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Mi ò rí èsì. Ṣé inú ń bí yín ni? Bí mo bá sùn, mo máa ń rí ọ̀rọ̀ tí mo kọ yẹn lójú, màá ní, ìwọ Motọ́lání, ta ló kọ́ ọ láti kọ irú ẹ̀ sí bàbá rẹ? Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá tún ní ó dáa tí mo kọ ọ́.

Lánàá mo fóònù ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù tó wà létí títì yín. Ọkùnrin tó gbé e ní, "Papa Railway no dey, dem don carry am go." Kí ó tó sọ ibi tí wọ́n gbé yín lọ, káàdì mi tán. Mo ra òmíràn, ẹ̀rọ wọn ò wọlé mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bó ṣe ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ bíi tẹligíráàmù.

Motọ́lání.


Oyigbo,
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2000.

Motọ́lání ọmọ mi,

Mo wà láàyè. Mo fi ìyẹn ṣíwájú kí o lè jókòó ka ìyókù.

Inú bí mi, òótọ́ ni. Mo ka lẹ́tà rẹ dé ìdajì, mo ká a, mo kì í bọ abẹ́ Bíbélì. Mo ní ọmọ tí mo gbé kọ́rùn lọ wo rélùwéè ló ń kọ̀wé ìdí sí mi yìí. N kò dá oògùn dúró, n kò jẹ ọsàn. Orí kunkun ni, mo mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ta ayò tán, mo dìde kí n máa lọ sílé. Alhaji pè mí padà, ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Mo wọ ṣòkòtò funfun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ti yọ sí i lẹ́yìn, Alhaji sì ti rí i. Ó bọ́ jalamíà rẹ̀ lójú títì, ó ku òun àti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó so ó mọ́ mi nídìí, ó sì bá mi rìn délé bí ẹni tó ń sin ìyàwó. Àwọn ọmọ táyà ń wò wá. Kò wò wọ́n. Nígbà tí a wọ yàrá, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, "Adékọ̀yà, jẹ̀díjẹ̀dí tí mo mọ̀ kì í ṣe báyìí. Kí ni ọmọ ẹ wí?"

Mo fa lẹ́tà yọ, mo kà á fún un sókè. Bí mo ti dé ibi awakọ̀ bọ́ọ̀sì, mo tún ibẹ̀ kà. Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ kan ilẹ̀kùn Tamunotonye. Ọmọbìnrin náà gbọ́, ó kàn ní, "Papa, tomorrow morning, me and you," ó sì tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà tí wọ́n fún mi, agùnbánirọ̀ ni, ọmọbìnrin, ọmọ wa, Ànúolúwapọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó gbọ́ Adékọ̀yà, ó kúnlẹ̀ kí mi. Inú mi dùn. Ó dìde, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, kí ẹ ká orúnkún mọ́ra." Irú ayé wo nìyí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi. Mo kọjú sí ògiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ibùdókọ̀ ojú irin nínú mi: Port Harcourt, Elelenwo, Imo River. Kí n tó dé Aba, ó ti parí. Motọ́lání, ìyẹn náà ni gbogbo ohun tí mo ti ń sá fún.

Ó ní ara mi ti ya, jẹ̀díjẹ̀dí náà sì wà níbẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n òun kò ní tìtorí pé òun rí ìyẹn kí òun má wá òmíràn, nítorí ọjọ́ orí mi. Ó dá mi dúró kí wọ́n wẹ inú mi mọ́, kí àgbà dókítà fi ẹ̀rọ oníná wò mí sókè. Ìgbà tí o fóònù gan-an nìyẹn. Ìyẹn gùn díẹ̀, mo ti kọjá Umuahia. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù tí n kò dárúkọ fún ọ, kò sí níbẹ̀. Mo ní kí àgbà dókítà tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ọmọbìnrin náà wá bi mí pé èso wo ni mo ń jẹ. Mo nà ró, mo ní n kò jẹ ẹyọ kan, mo ti ṣọ́ ara. Mo retí pé yóò yìn mí. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ lẹ lé síta. Kì í ṣe adùn ló ń ya yín, líle ni." Ó fún mi ní omi oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, ó ní kí n máa jókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí n má sì mu àgbo kankan mọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi ti dínkù lóòótọ́, nítorí náà, bí inú bá ti rọ̀, kí n tún bẹ̀rẹ̀ oògùn irin rẹ, ẹyọ kan ṣoṣo lójúmọ́, pẹ̀lú omi oògùn yẹn. Mo sọ èyí kí o yé lu ara rẹ. Ohun tó dára lo fi ránṣẹ́. A kò kàn bi ara wa ní ìbéèrè ni.

Bàbá rẹ,
J. A. Adékọ̀yà.


Leeds,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2000.

Bàbá mi, ọkọ ìyá mi,

Ẹ kú ewu o, ẹ kú ewu, ẹ kú ewu. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo dé ibi tí ẹ ti ń ka ibùdókọ̀, mo rẹ́rìn-ín débi pé òyìnbó tó jókòó tì mí ṣí kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo wá sunkún, ó tún padà wá jókòó, ó fún mi ní ìwé ìnujú. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún un pé ìdí bàbá mi ni.

Ẹ bá mi kúnlẹ̀ fún Alhaji. Ẹ sọ fún Tamunotonye pé mo ń wá bàtà tó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó fi ìwọ̀n ránṣẹ́.

Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ìdùnnú mú yín gbàgbé o. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún pọ̀, bí ó bá ń bá a lọ, bí ara yín bá ń rù láìnídìí, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí bí ìgbẹ́ yín bá yí padà lọ́nà tí ẹ ò mọ̀, ẹ padà lọ. Ẹ má tún lọ sọ́dọ̀ ọpọ́n ayò. Mo mọ̀ pé mo ti ń sọ̀rọ̀ jù. Ṣé mo ti ń sọ̀rọ̀ jù? Ẹ sọ fún mi. Ìbéèrè mi tòní nìyí, ó wà lórí ìwé, ojú ò tì mí: ṣé ẹ ti yà láàárọ̀ yìí, ṣé ó rọ̀?

Motọ́lání yín.


Oyigbo,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá, ọdún 2000.

Motọ́lání ọmọ mi,

Mo ti yà. Ó rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò sí.

Bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mi nìyẹn báyìí. Omi ni mo kọ́kọ́ ń mu, lẹ́yìn náà ìbẹ́pẹ, lẹ́yìn náà mo rìn dé ìdí rélùwéè kí n wò bóyá ọkọ̀ ojú irin kan tilẹ̀ ń kọjá. Kò sí èyí tó ń kọjá, ṣùgbọ́n ìrìn náà dára fún inú. Wọ́n ti wọn ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti ń gòkè. Ọmọ dókítà náà ti parí ìsìnlú, ó ti padà sílé. Kó tó lọ, ó kọ orúkọ ẹni tí n óò máa rí sílẹ̀ fún mi, ó tún kúnlẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí wọ́n gbé àga mi kúrò níwájú, kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá ìjọ dà á rò, wọ́n ní ṣé agbára bàbá ń dínkù ni. Mo ní rárá, omi bàbá ló ń pọ̀ sí i. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Wọ́n bojú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ọkùnrin ń tọ̀ mí wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ní ọ̀rẹ́ òun kan ló ní kí òun bá a bèèrè. Ọ̀rẹ́ pọ̀ nínú ìjọ yẹn o.

Alhaji Misbaudeen kò ní ọ̀rẹ́. Òun kàn gbé ọmọ ayò dání lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò ta á, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní láti ọdún tó kọjá ni òun náà ti ń rí ẹ̀jẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní ṣé oníṣègùn ń sọ àìsàn tirẹ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú ni. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ báyìí, ó sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó wọ agbádá, ó dé fìlà bí ẹni tó ń lọ fọ́mọ fọ́kọ. Tamunotonye ti lọ dá ọkọ̀ dúró. Nǹkan kan ṣoṣo ni Alhaji ń bi mí láti ìgbà tó ti dé, pé ṣé wọ́n máa ń ní kí ènìyàn bọ́ ṣòkòtò tán pátápátá. N kò tíì dá a lóhùn. Ó dìgbà tí a bá kọjá Eleme Junction, níbi tí kò ti ní lè bọ́ sílẹ̀ mọ́.

Mo ń lọ. Ó ti ń pè mí.

Bàbá rẹ,
J. A. Adékọ̀yà.